Bí A Ṣe Ń Ka Atọ́ka Ọjà Ìpín Ìdókòwò

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó tú ìwé ìpín rẹ̀ jáde láti inú ọ̀rá tí ó fi wé e, ó sì bi mí léèrè ìdí tí owó tirẹ̀ kò fi kúrò lójú kan nígbà tí rédíò ń pariwo pé ọjà ti gòkè. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ìpín, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣíà, mọ ìdáhùn rẹ̀.

Atọ́ka kì í ṣe owó ẹnì kankan. Òǹkà kan ni, tí a ṣírò láti inú iye owó ìpín ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, kí a lè fi ìwòye kan mọ bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. NGX All-Share Index tí rédíò máa ń dárúkọ (NGX ni Nigerian Exchange, ọjà ìpín tí ó wà ní Èkó) ń ka àwọn ilé-iṣẹ́ orí ọjà Èkó lápapọ̀, ṣùgbọ́n NGX 30 mú ọgbọ̀n péré nínú àwọn ńlá. Ní Amẹ́ríkà, Dow Jones bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ 12 ní ọdún 1896, ó sì ti di 30; S&P 500 kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, Nasdaq Composite sì kún fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìwọ̀n, ìyẹn bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó nínú atọ́ka, ni ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a ní ilé-iṣẹ́ méjì péré: ìpín kan ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦500, ó sì ní 100 ìpín, ti èkejì jẹ́ ₦20, ṣùgbọ́n ó ní 50,000. Bí ti àkọ́kọ́ bá fi ₦50 gbówó lórí, atọ́ka tí ń ro iye owó ìpín pọ̀, bíi Dow Jones àti Nikkei 225 ti Japan, yóò fò sókè pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó dín díẹ̀. Atọ́ka tí ń wo iye tí odindi ilé-iṣẹ́ tó, bíi S&P 500 àti All-Share Index tiwa, kò ní fi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, nítorí pé ₦5,000 ni ó wọlé sórí ₦1,050,000. Ọjà kan náà, ọjọ́ kan náà, ìròyìn méjì. Èyí náà ni ìdí tí àwọn òmìrán bíi Dangote Cement àti MTN Nigeria fi lè gbé atọ́ka wa sókè lọ́jọ́ tí àwọn kéékèèké kò mira.

Ẹ tún wo ibi tí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni tiwa bẹ̀rẹ̀ láti orí 100, ọdún yẹn náà ni FTSE 100 ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ láti orí 1,000. Ní oṣù tí tiwa kọjá 100,000, tiwọn kò pé 8,000, síbẹ̀ èyí kò sọ pé ọjà wa tóbi ju tiwọn lọ. Náírà ni a sì fi ń ṣírò tiwa, náírà ọdún 1984 kì í sì í ṣe ti òde òní. Àwọn òǹkà wọ̀nyí kò tún ka owó èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kékeré kan ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra. Mo fi NGX Insurance, atọ́ka àwọn adójútòfò nìkan, hàn án. Irú rẹ̀ wà fún báńkì àti epo rọ̀bì pẹ̀lú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ báyìí, ó máa ń kọ òǹkà yẹn àti iye owó ìpín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀.