Mo ṣe ìwádìí másítà mi ní Ìbàdàn láìgba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni

Nígbà tí mo wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti ṣe másítà lórí ìmọ̀ nípa ara ènìyàn, kíláàsì kọ́ ló ń já mi láyà. Ìdánwò ni, a ó kàwé, a ó sì yege. Iṣẹ́ ìwádìí ló máa ń dá èèyàn dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ, kó wá àwọn tó máa gbà kí wọ́n fa tiwọn, kó ra kẹ́míkà tó ń bá dọ́là gòkè, kó sì máa gbàdúrà kí iná má lọ mọ́ fíríìjì lórí. Agbára mi ò gbé e.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni?" Òótọ́ ni. Nígbà tí HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ń wá ibi tí jíìnì èèyàn ti yàtọ̀ síra, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àwa Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30, ènìyàn 90. Nígbà tó yá, iṣẹ́ irú rẹ̀ mìíràn, 1000 Genomes, ka DNA, ìyẹn lẹ́tà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, Yorùbá 108. YRI, ìyẹn "Yoruba in Ibadan", ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni àmì tí àìsàn ilẹ̀ wa ti fi sínú jíìnì wa. Ojú òpó Ensembl, níbi tí èèyàn ti lè wo dátà jíìnì, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ rs2814778, nọ́ńbà ibì kan nínú DNA, síbẹ̀, ẹ mú "Population genetics", kí ẹ wá YRI. Ti Duffy nìyẹn, ilẹ̀kùn tí vivax, oríṣi kòkòrò ibà kan, ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Lára Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa la ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé falciparum, oríṣi kòkòrò ibà mìíràn, ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Rs334 ló kàn, ti AS tí gbogbo yín mọ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, bẹ́ẹ̀ bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé e.

Jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1 ló gbà mí lọ́kàn jù. Oríṣi rẹ̀ méjì, G1 àti G2, tí ayé gbọ́ nípa wọn ní 2010, ní í ṣe pẹ̀lú ààbò lọ́wọ́ àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àìsàn kíndìnrín rẹ̀ ga. Ohun tó gba bàbá ńlá là ló wá ń dọdẹ ọmọ-ọmọ.

Fáìlì odindi kúrómósómù, ìyẹn okùn DNA gígùn kan, wúwo. Dátà tí mo rà fún òru ìbá tán síbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Tabix ni mo fi gé ibi tí mo fẹ́ nìkan, mo sì fi òmíràn tó ń jẹ́ R ṣe ìṣirò. Tí iná bá lọ ní Agbowó, mo máa ń wọ Micra lọ sí UCH, sí ilé ìkàwé Látúndé Odẹ́kù.

Màmá mi béèrè pé, "Ẹ̀jẹ̀ ta lò ń wò yẹn? Ṣé wọ́n tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ. Wọ́n tọrọ ẹ̀: wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Àìkọ nǹkan sí i yẹn gan-an ni wọ́n bá mi fà lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ mi. Bàbá kan níbẹ̀ ní, "Nínú 108 yìí, kíndìnrín ta ló ń ṣàìsàn?" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, kò sẹ́ni tó lè sọ. Wọn ò kọ àìsàn sílẹ̀, àti pé 108 ò tó láti ṣojú fún gbogbo Yorùbá." Mo ti kọ ọ́ sí orí karùn-ún; mo ṣí i hàn wọ́n. Àtúnṣe tábìlì nìkan ni wọ́n fún mi. Mo ṣe é, mo dì í ní Agbowó, mo sì fi sílẹ̀.