Ìpápánu Aláràbarà fún Àwọn Ọmọdé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ohun Tó Máa Ń Bàjẹ́

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ṣe ìpápánu aláràbarà fún ọmọdé nílé mọ̀ pé ohun tí a ní lọ́kàn àti ohun tó bọ́ sínú àwo kì í sábà jọra. Àwọn ìbéèrè tí òbí máa ń béèrè jù ni mo kó jọ síhìn-ín. Bí ẹ bá ti ń kà á lọ, ẹ ó rí i pé omi ló jẹ̀bi nínú púpọ̀ wọn: ó lè pọ̀ jù, ó lè kéré jù, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí kò yẹ kó wà ló wà.

Ìbéèrè: Èmi àtàwọn ọmọ mi gé bisikíìtì ní ìrísí ẹja àti ìràwọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ ọ́ nínú ààrò, gbogbo rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, a kò sì mọ ẹja yàtọ̀ sí ìràwọ̀ mọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Èyí kì í ṣe ẹjọ́ omi, ẹjọ́ bọ́tà ni. Bọ́tà máa ń yọ́ nínú ooru, ìyẹ̀fun àti ẹyin sì máa ń gan. Bí bọ́tà bá ti yọ́ tán kí ìyẹ̀fun tó gan, kò sí ohun tí yóò di ìrù ẹja náà mú. Ọwọ́ ọmọdé máa ń gbóná, wọn a sì máa tẹ ìyẹ̀fun pípò náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fi amọ̀ ṣeré, nítorí náà bọ́tà inú rẹ̀ ti rọ̀ kó tó débi ààrò rárá. Bí ẹ bá ti gé e tán, ẹ tò ó sórí páànù tí ẹ fẹ́ fi yan án, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì jẹ́ kí ààrò ti gbóná dé 180°C kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ yan ìpín kejì, ẹ jẹ́ kí páànù tutù ná, torí pé páànù gbígbóná á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́tà náà kí ẹ tó ti ààrò.

Ẹ tún wo bákìn páúdà tí ẹ lò. Bisikíìtì tí a fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ hàn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí wíwú ló ń pa etí ìràwọ̀ rẹ́. Ṣúgà náà máa ń yọ́ bíi bọ́tà, nítorí náà ẹ má ṣe bù ú kún un ju bí ẹ ti wọ̀n ọ́n lọ nítorí pé ọmọ ń bẹ̀bẹ̀. Kí ó nípọn tó mílímítà 5. Èmi kì í yan gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìkọ́kọ́ yan ẹyọ kan wò. Bó bá tẹ́, mo máa ń po ìyẹ̀fun ṣíbí kan tàbí méjì mọ́ ìyókù. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lá ìyẹ̀fun pípò náà ní tútù, bó ti wù kó dùn tó, torí pé kòkòrò àrùn lè wà nínú ẹyin tútù, ó sì lè wà nínú ìyẹ̀fun tútù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Mo gé ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo yan án dípò kí n dín in, ṣùgbọ́n ṣe ló rọ̀ bí ẹni pé mo bọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Ẹ bọ̀ ọ́ lóòótọ́. Bí ẹ bá tò ó léra wọn lórí páànù, ooru omi gbígbóná tó ń jáde lára ìkan á máa se èkejì rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 30 kí sítáàṣì ojú rẹ̀ lè ṣàn dànù, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ fínnífínní, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ẹ yan án ní 200°C, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ ló máa kẹ́yìn, torí iyọ̀ a máa fa omi jáde.

Ìbéèrè: Ìdajì gúgúrú mi ni kò bẹ́. Ṣé iná ni kò tó?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ pé àgbàdo náà ti gbẹ jù. Omi díẹ̀ tó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, tó tó ìdá 14 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, ló ń di ooru omi gbígbóná tí ń fọ́ èèpo rẹ̀ nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí 180°C. Bí omi yẹn bá ti lọ, hóró náà á kàn jóná ni. Ẹ da àgbàdo ife 3 sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ bu omi ṣíbí ìjẹun 1 sí i, kí ẹ máa mì ín lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 ní gúgúrú, ẹ má sì fún un ní ẹ̀pà odidi, nítorí ó lè há sí i lọ́fun. Èso àjàrà náà, ẹ là á ní gígùn sí mẹ́rin.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi páńkéèkì ya ojú ẹranko, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà rẹ̀ dà pọ̀. Bíítírúùtù tí mo fi pa á láró pupa sì di àwọ̀ ilẹ̀.

Ìdáhùn: Ó ti ṣàn jù. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, ó yẹ kí ohun tí ẹ pò máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú ibi tó bọ́ sí sì hàn díẹ̀ kó tó pa rẹ́. Ẹ fi ìyẹ̀fun ṣíbí kan kún un, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ìyẹ̀fun mu omi rẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Àìnísùúrù níbí yìí ló ń mú kí ẹlòmíràn bù ú jù tí páńkéèkì rẹ̀ á fi le bí awọ. Àṣírí ojú tí ẹ fẹ́ yà wà nínú àkókò. Lórí iná tí kò pọ̀, ẹ fi ìgò ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ya ojú, ìmú àti ẹnu nìkan, kí ẹ jẹ́ kí ó jó fún bí ìṣẹ́jú 1, lẹ́yìn náà kí ẹ wá da ìyókù bò ó. Nígbà tí ẹ bá yí i padà, ìlà àkọ́kọ́ á ti dúdú ju ara páńkéèkì lọ, ojú ẹranko náà á sì máa wò yín. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí ìgbà yíyí yẹn ju jíjẹ rẹ̀ lọ.

Ní ti bíítírúùtù, ooru àti bákìn páúdà ni kò jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dúró. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ á ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ẹ pò ó mọ́ yógọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀, èyí tí iná kò ní kàn. Kárọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ kì í bẹ̀rù iná.

Ìbéèrè: Omi èso tí mo fi sínú fìrísà pẹ̀lú igi le bí òkúta, bí ọmọ bá sì fà á mu, yìnyín funfun ló ń kù.

Ìdáhùn: Omi inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa tàbí yógọ́ọ̀tì tó ki mọ́ ọn, nítorí ṣúgà àti kíki rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí yìnyín ńláńlá wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ki ife náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá fi oyin sí i, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ìbéèrè: Mo fi wákàtí kan to èso bí ojú ènìyàn. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, rẹ́rìn-ín, ó sì kọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Ohun ìṣeré ló rí. Nígbà mìíràn, ẹ fún òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀bẹ tí kò mú kí ó tò ó. Ohun tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń fẹ́ tọ́ wò. Èso tuntun kan ṣoṣo láàárín méjì tó ti mọ̀ tó, ọmọ mìíràn sì lè nílò kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ nígbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfipá mú un.

Ìbéèrè: Bisikíìtì tó dúró ganrangan lálẹ́ ti rọ̀ nínú àpò ilé ìwé, ápù sì ti dúdú.

Ìdáhùn: Bisikíìtì ń mu omi tó ń jáde lára ápù ni, nítorí náà ẹ ya àwo wọn sọ́tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí bisikíìtì tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ápù dúdú. Ẹ po iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi ife 1, ẹ rẹ ápù tí ẹ gé sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án. Bí yógọ́ọ̀tì tàbí ẹyin bá wà nínú àpò náà, kí ó má ṣe kọjá wákàtí 2 láìsí yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá mú kọjá 32°C, wákàtí 1 ni.