Bí A Ṣe Ń Yan Wisikí Skọ́tlándì Tó Dáa fún Ọjọ́ Ńlá

Tí bàbá ìyàwó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 70, tàbí tí ọ̀gá bá fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wisikí inú páálí ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A ó wọ ṣọ́ọ̀bù, a ó ní kí wọ́n gbé èyí tó wọ́n jù tí agbára wa ká wá. Ìgò á dé ibi àríyá, gbogbo èèyàn á yìn ín, bàbá á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, ó parí síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí, torí ọtí tí wọ́n fi ọdún 12 tọ́jú, ó yẹ kí ẹnì kan gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ lébẹ́ẹ̀lì kà lè fi owó tó kéré ra ohun tí bàbá náà máa ṣí lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ẹni tó máa mu ún

Kọ́kọ́ wádìí bóyá ó tiẹ̀ ń mu ọtí. Ẹni tó ń mu ún ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ti dé Mẹ́kà, tàbí kó ti di díákónì. Bi ìyàwó rẹ̀ tàbí àkọ́bí rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kí ojú má baà tì yín níwájú àlejò.

Tó bá ń mu ún, béèrè èyí tó fẹ́ràn. Hennessy kì í ṣe wisikí rárá, àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe é nílẹ̀ Faransé. Jameson wá láti ilẹ̀ Áílándì, Jack Daniel's sì wá láti Tennessee ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ti Skọ́tlándì, àmọ́ wọ́n á jẹ́ kí o mọ irú ẹnu tó ní. Ẹni tó fẹ́ràn Hennessy fẹ́ kí ọtí rọ̀ lọ́fun, kí ó ní adùn díẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, a máa tó lò ó.

Tó bá sì jẹ́ pé schnapps ni àwọn àgbà kọ sínú ìwé ìdána, schnapps ni kí o rà. Má gbé wisikí rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ka lébẹ́ẹ̀lì

Òfin tó ń darí wisikí yìí ní Ìlú Ọba, èyí tó jáde ní 2009, sọ pé Skọ́tlándì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti sè é, ibẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún 3 nínú àgbá igi óákù. Agbára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 40%. Yàtọ̀ sí omi àti ṣúgà jíjóná tí wọ́n fi ń pa á láró, wọn kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà, má jẹ́ kí àwọ̀ dúdú tàn ọ́ jẹ. Ó lè jẹ́ aró lásán.

"Single malt" ni èyí tí ilé ìpọntí kan ṣoṣo fi ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù sè nínú ìkòkò bàbà. "Blended" ni èyí tí wọ́n po irú malt bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọtí tí wọ́n fi àwọn ọkà mìíràn sè. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín blended, èmi ò sí lára wọn. Johnnie Walker Black Label jẹ́ blended, ọtí gidi sì ni. Tí ìgò náà bá máa yí tábìlì ká láàárín ọ̀pọ̀ àlejò, blended ọdún 12 ni mo máa rà. Single malt, èèyàn mélòó kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ló yẹ ẹ́.

Ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò ni ọjọ́ orí ọtí tó kéré jù nínú rẹ̀. Inú àgbá nìkan ló sì ti ń dàgbà. Ìgò ọdún 12 tí ẹnì kan ti gbé pamọ́ láti 1990, ọdún 12 ló ṣì jẹ́ títí dòní, nítorí náà má sanwó àgbà fún un lórí ìyẹn. Ohun tó ń mú èyí tó dàgbà gan-an wọ́n ni pé nǹkan bí 2% ọtí inú àgbá máa ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún; àwọn ará Skọ́tlándì ní àwọn áńgẹ́lì ló ń mu ún. Tó bá máa fi pé ọdún 25, ó ti dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ débi pé igi nìkan ni èèyàn á máa tọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àgbá àti èéfín

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àgbá ló ń fún ọtí ní èyí tó pọ̀ jù nínú adùn rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní àgbá tuntun ni kí wọ́n máa fi tọ́jú bourbon, ìyẹn wisikí ilẹ̀ wọn, nítorí náà tí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tà á fún àwọn ará Skọ́tlándì. Àgbá yẹn máa ń mú òórùn fàníìlà, oyin àti àgbọn wá. Glenmorangie Original jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Àgbá tí wáìnì sherry ilẹ̀ Sípéènì ti wà nínú rẹ̀ ní tiẹ̀ ń mú adùn àjàrà gbígbẹ, dàbínù àti atalẹ̀ wá, irú èyí tó wà nínú Glenfarclas tàbí Macallan Sherry Oak. Bàbá tó ń mu Hennessy, irú èyí ni kí o rà fún un. Ọkàn rẹ á balẹ̀.

Èéfín ni kí o ṣọ́ra fún. Ní erékùṣù Islay, wọ́n máa ń gbẹ́ ilẹ̀ irà tí koríko ti jẹrà sí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi dáná láti gbẹ ọkà báálì. Peat nìyẹn. Òórùn iná náà kì í kúrò nínú ọtí mọ́. Tí o bá ṣí Laphroaig tàbí Ardbeg, òórùn rẹ̀ á kún pálọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú òórùn oògùn ojú egbò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n má rà á fún ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, Lagavulin ọdún 16 máa múnú rẹ̀ dùn. Tí kò bá dá ọ lójú, lọ sí agbègbè Speyside, níbi tí ilé ìpọntí pọ̀ sí jù ní Skọ́tlándì: Glenlivet, Glenfiddich, Balvenie. Èéfín kì í sábà sí nínú tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yẹ ìgò náà wò kí o tó sanwó

Àwọn kan wà tó ń ra ìgò òfìfo, tí wọ́n ń rọ ayédèrú sí i. Ní Nàìjíríà, wo nọ́ńbà NAFDAC. Lẹ́yìn náà, gbé ìgò náà sí ibi tí iná mọ́, dorí rẹ̀ kodò, kí o wò ó bóyá nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀. To ìgò méjì irú kan náà pọ̀: ọtí inú wọn gbọ́dọ̀ ga dọ́gba ní ọrùn. Fi ọwọ́ yí ohun tí wọ́n fi di ìdérí. Tó bá ń yọ̀, gbé e sílẹ̀. Royal Salute ọdún 21, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1953 fún ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ẹ̀bùn tó ní ìtàn ni fún ọjọ́ ńlá, àmọ́ ìgò tánganran ni wọ́n sábà ń rọ ọ́ sí, o kò lè rí inú rẹ̀. Má ra irú èyí lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀.

Tí ìgò bá ti dé ilé

Gbé e dúró ṣánṣán, má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bíi wáìnì, torí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì. Má jẹ́ kí oòrùn kàn án. Lọ́jọ́ náà, lo ife kékeré tí ẹnu rẹ̀ fún, kí òórùn má baà sá lọ. Ẹ̀kán omi díẹ̀ máa ń jẹ́ kí òórùn náà jáde dáadáa, yìnyín sì máa ń pa á. Tí bàbá bá ṣì ní yìnyín lòun fẹ́, ẹ bu yìnyín fún wọn.