Firefox méjì lórí kọ̀ǹpútà kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo ní ímeèlì méjì, ti ṣọ́ọ̀bù àti tèmi. Mo fẹ́ kí méjèèjì wà ní ṣíṣí pọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá tún tẹ Firefox, fèrèsé míì ló ń yọ, ímeèlì kan náà ló sì wà níbẹ̀. Tí mo bá jáde nínú ọ̀kan, èkejì náà á jáde.

Ìdáhùn: Firefox kan ṣoṣo ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iye fèrèsé yòówù kẹ́ ẹ ṣí, profile kan ni gbogbo wọn jọ ń lò, ìyẹn fódà tí cookie (àmì kékeré tí ìkànnì fi ń dá yín mọ̀ pé ẹ ti wọlé), bookmark (àdírẹ́sì ojú ìwé tẹ́ ẹ fi pamọ́) àti páásíwọ́ọ̀dù yín wà. Private window (fèrèsé tí kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tẹ́ ẹ lọ) méjì náà kò lè gbà yín, torí wọ́n jọ ń lo cookie kan náà ni.

Profile kejì lẹ nílò. Ẹ kọ about:profiles síbi àdírẹ́sì, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ tẹ Create a New Profile, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní soobu, láìfi àmì ohùn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Launch profile in new browser lábẹ́ orúkọ náà. Kẹ́ ẹ tó kúrò lójú ìwé yẹn, ẹ wo èyí tó ní Yes níwájú Default Profile. Tó bá jẹ́ ti tuntun, ẹ tẹ Set as default profile lábẹ́ ti àtijọ́. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rù, tí wọ́n á ní bookmark àwọn ti sọnù, bẹ́ẹ̀ inú profile àtijọ́ ló wà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa ṣí ti ṣọ́ọ̀bù tààrà látorí dẹ́sítọ́ọ̀pù?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí Windows, ẹ ṣe ẹ̀dà shortcut Firefox, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wọ Properties. Nínú Target, ẹ jẹ́ kó rí báyìí:

"C:\Program Files\Mozilla Firefox\firefox.exe" -P soobu

Ẹ̀yìn àmì ìfàyọ ni -P gbọ́dọ̀ wà, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Ẹ ó rí -no-remote nínú àwọn ìtọ́ni àtijọ́. Láti Firefox 67, ní 2019, kò pọn dandan mọ́.

Ìbéèrè: Ó ń sọ fún mi pé "Firefox is already running, but is not responding". Mi ò sì rí fèrèsé kankan.

Ìdáhùn: Firefox kan ṣì di profile yẹn mú lábẹ́lẹ̀. Ó dáa bó ṣe tilẹ̀kùn mọ́ yín, torí bí méjì bá ń kọ nǹkan sínú places.sqlite (fáìlì tí bookmark wà) kan náà, bookmark yín lè bàjẹ́. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ wá Firefox, kẹ́ ẹ tẹ End task. Tí kò bá gbọ́, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Tó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ wọ %APPDATA%\Mozilla\Firefox\Profiles, ẹ ṣí fódà profile náà, kẹ́ ẹ pa parent.lock, fáìlì tó ń ti profile náà pa, rẹ́. Ẹ má dán an wò nígbà tí Firefox kankan ṣì ń ṣiṣẹ́ o.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mi kò ní ju RAM 4GB lọ, ó sì ń falẹ̀ tí mo bá ṣí méjèèjì.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣí Firefox méjì mọ́. Ẹ fi Multi-Account Containers, àfikún tí Mozilla fúnra wọn ṣe, sínú Firefox kan. Táàbù ṣọ́ọ̀bù á ní cookie tirẹ̀, tiyín náà á ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò ṣì jọ máa lo bookmark àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà.