Pátákó Arsenal 2003/04 àti ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ pẹ́ńtà

Iye tí èmi àti pẹ́ńtà jọ fẹnu kò sí kọ́ ni mo san. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ pátákó kan ṣoṣo ni, èyí tí mo fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mi n'Íbàdàn: gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 tí Arsenal gbá ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2003/04 láì pàdánù ẹyọ kan. Àwọn ọmọdé tó ń wá wòran lọ́dọ̀ mi rò pé àsọdùn àwa àgbà ni. Wọn ò tíì bí wọn nígbà tí Kanu wa wà nínú ikọ̀ náà.

Ti káfíńtà ò le, ó ṣe tirẹ̀, ó lọ. Èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ò le. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, láti orí Everton 2-1 ní 16 Oṣù Kẹjọ 2003 títí dé orí Leicester 2-1 ní 15 Oṣù Karùn-ún 2004. A borí nínú 26, a gbá ọ̀mì 12. Àmì 90! Chelsea tó ṣe ipò kejì ní 79.

Ìgbà tó kan pẹ́ńtà ni wàhálà dé. Ó ti gba owó ọ̀dà tán kí n tó gbọ́ pé ọmọ Man U paraku ni. Ó ń kọ ọ́ bọ̀ dáadáa, àfi ìgbà tó dé orí 0-0 tí a gbá ní Old Trafford, pápá Man U, ọjọ́ 21 Oṣù Kẹsàn-án, ló bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ká ní pẹnáritì Van Nistelrooy wa wọlé lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, pátákó wo lò bá máa kọ?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, igi òkè ló bà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa báṣẹ́ lọ." Ó ní ṣé kóun kọ káàdì pupa tí Vieira, balógun wa, gbà sí i.

Bó ṣe lọ nìyẹn. Tí mo bá pè é, á ní òun ti wà lọ́nà. Nígbà tó padà yọjú, ẹjọ́ ló gbé wá: pátákó mi ń purọ́. Ó ní ta ló ní wọn ò na Arsenal ní sáà yẹn? Ṣebí Scholes ti Man U ló lé wa dànù ní FA Cup ní 3 Oṣù Kẹrin, tí Chelsea sì tún lé wa kúrò ní Champions League ní 6 Oṣù Kẹrin, nínú ilé wa ní Highbury. Ó tún rántí Middlesbrough ní League Cup! Àwọn oníbàárà mi pín sí méjì, ariwo sọ, ẹnikẹ́ni ò wo bọ́ọ̀lù tí mo tan jẹnẹrétọ̀ fún mọ́.

Ohun tó bí mi nínú ni pé irọ́ kọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n líìgì ni mo ní kó kọ, kì í ṣe kọ́ọ̀pù. Wọ́n ti nà wá lẹ́ẹ̀mejì léraléra, Liverpool tún wá sí Highbury ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yẹn, wọ́n ń fi 2-1 ṣíwájú nígbà tí a lọ sinmi. Henry wa fọ́n wọn ká, ó jẹ gọ́ọ̀lù mẹ́ta, 4-2. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni líìgì yẹn ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní ọ̀dà ti gbẹ nínú agolo. Ẹjọ́ FA Cup ló gbẹ ẹ́, èmi ni mo tún ra òmíràn, mo sì san owó ọkọ̀ rẹ̀.

A wá gbà pé kó kọ "NÍ LÍÌGÌ" sábẹ́ àkọlé. Ó kọ ọ́ tóbi ju orúkọ Arsenal lọ! Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà wúrà kun àpótí Tottenham 2-2, 25 Oṣù Kẹrin, níbi tí a ti gba líìgì nínú ilé wọn. Ó rẹwà púpọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín ra ọ̀dà, kí ẹ má san owó iṣẹ́ tán kí wọ́n tó gbé pátákó kọ́. Ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè kíláàbù tí pẹ́ńtà ń ṣe. Bí mo ṣe máa ṣe pátákó Remo Stars tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025 nìyẹn.

Láàárọ̀ àná ó tún pè. Ó ní mo jẹ òun lówó "NÍ LÍÌGÌ", pé lẹ́tà ńlá kò sí nínú àdéhùn. Mi ò san.