Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Ìpanu fún Ẹni Tí Ó Ń Ṣọ́ Oúnjẹ Jẹ

Bí ẹ bá dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ óò rí bọ̀ọ̀lì lórí iná èédú, àkàrà tí ń hó nínú agbada, ẹ̀pà nínú ìgò, àti ọsàn tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì tò sórí àtẹ. Ẹni tí ó ti pinnu láti dín ìwúwo ara rẹ̀ kù kì í wá ìpanu tì nílùú Abẹ́òkúta. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú ni ó fi ń yan ohun tí inú yóò gbà, tí ó sì ń rò pé ohun tí ó bá ti kéré lójú kò lè mú òun sanra.

Èmi ni ẹlẹ́rìí ara mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. Nígbà kan, mo pa búrẹ́dì tí mo máa ń jẹ lọ́sàn-án níbi iṣẹ́ tì, mo sì fi ẹ̀pà inú ìgò rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹ̀pà kò tóbi lọ́wọ́, kò sì jọ oúnjẹ gidi. Oṣù méjì kọjá, ihò tí mo ń fi bẹ́líìtì sí kò yí padà. Ìgbà tí ara mi kò gbà á mọ́ ni mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì, ó sì jẹ́ 35 gíráàmù. Nǹkan bí 580 kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n okun tí oúnjẹ ń fún ara, ni ó máa ń wà nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà sísun, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ mi kan ṣoṣo tó nǹkan bí 200 kálórì, mo sì máa ń bù ú lẹ́ẹ̀mẹta kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, láìka èyí tí mo máa ń jù sẹ́nu bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: nǹkan bí ìdajì ẹ̀pà, òróró ni, gíráàmù kan òróró sì ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù kan ṣúgà tàbí purotéènì, èròjà tí ń mú ara dàgbà, ń fún un ní 4. Ẹ̀pà kò burú, nítorí pé ó ní purotéènì, ó sì ní fáíbà, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí ikùn kì í lè dà tán. Jíjẹ ẹ́ láti ẹnu ìgò ni àṣìṣe. Ẹ da ìwọ̀nba sínú àwo kékeré, ẹ dé ìgò náà, kí ẹ sì gbé e kúrò níwájú yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí ọ̀rọ̀ kajú náà ṣe rí nìyẹn.

Ní ọdún 1995, Susanna Holt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà fi oúnjẹ 38 dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n rí i dájú pé ìwọ̀n kálórì kan náà, nǹkan bí 240, ni ó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bi àwọn tí ó jẹ ẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe yó sí, títí wákàtí méjì fi pé. Búrẹ́dì funfun ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì fún un ní 100. Pòtétò sísè gba 323, ẹja gba 225, ọsàn gba 202, gúgúrú gba 154, ẹyin sì gba 150, ṣùgbọ́n ẹ̀pà kò rí ju 84 gbà, dónọ́ọ̀tì sì gba 68. Ohun tí ó ní omi, fáíbà tàbí purotéènì púpọ̀ ni ó yó wọn. Ohun tí ó kún fún òróró kò tètè yó wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kálórì wọn kò yàtọ̀ síra. Ẹ kíyè sí gúgúrú níbẹ̀, nítorí pé a kì í kà á sí nǹkan kan. Bí wọn kò bá ti da òróró àti ṣúgà sí i, ó sàn ju bisikíìtì lọ jìnnà.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù ni ti ọsàn, nítorí pé àṣà wa ni ó fà á. Ọlọ́sàn a fi ọ̀bẹ fá èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a gé orí rẹ̀, àwa a sì fún un sẹ́nu, a fa omi rẹ̀ gbẹ, a ju ìyókù nù. Omi àti ṣúgà ni a mu, fáíbà sì lọ sí ààtàn. Ọsàn tí a bá fà báyìí kì í gbé ebi dúró tó èyí tí a là, tí a sì jẹ ní awẹ́ awẹ́, tí eyín sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá kan tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kútọ̀ rí mi níbi tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì wò mí títí, ó ní, “Kọ́sítọ́mà mi, ṣé ebi ń pa yín tó bẹ́ẹ̀ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó fún mi ní méjì sí i, kí ó má sì gé orí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni a ti bọ́ sórí ohun mímu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ka iye àkàrà tí ó jẹ kì í ka ẹlẹ́rìndòdò, máòtì tàbí sóbò aládùn mọ́ oúnjẹ rárá, bẹ́ẹ̀ kálórì tí a mu kì í yóni bí èyí tí a jẹ lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú oyin àti omi èso, má tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún okun tí ènìyàn ń rí jẹ lójúmọ́. Fún ẹni tí ó ń jẹ 2,000 kálórì, ìyẹn jẹ́ 50 gíráàmù, bíi ṣúgà oníhóró méjìlá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ó lóyún, dókítà rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ bi kí ó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

Ní ti ohun dídín, orúkọ ẹ̀wà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó máa ń tàn wá jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù tí ó jẹ́ 100 gíráàmù ní kálórì tí ó lé díẹ̀ ní 120, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ìpékeré, ìwọ̀n kan náà lè ní ju 500 lọ, nítorí pé omi ti jáde, òróró sì ti wọlé. Kókoro tí a mọ Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́ kò yàtọ̀: ẹnu ń gbọ́ ariwo rẹ̀, inú kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀wà kan náà ni a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, síbẹ̀ mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń yàn, àfi bí ẹni tí ó sè é bá da òróró sí i láìwo ọwọ́, nítorí pé ṣíbí ọbẹ̀ kan òróró ń lọ sí 120 kálórì.

Gààrí mímu kì í ṣe ìpanu. Nǹkan bí 350 kálórì ni ó wà nínú 100 gíráàmù gààrí gbígbẹ, kí a tó sọ ti ṣúgà àti ẹ̀pà tí a ń dà lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ kà á sí oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ má sì jẹ òmíràn lé e lórí.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n rò pé kí àwọn má jẹ ìpanu rárá ni ó dára jù, tí wọ́n á fi ebi di agogo méje alẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í yan nǹkan mọ́ nígbà tí ó bá dé ìdí agbada. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ gbóná ni yóò rà. Àwọn mìíràn ń jẹ kùkúmbà nìkan. Kálórì kùkúmbà kéré lóòótọ́, nǹkan bí 15 nínú 100 gíráàmù, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ebi a sì tún dé kíákíá. Ó ń fẹ́ purotéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹyin sísè kan, tí kò ju nǹkan bí 75 kálórì lọ, pẹ̀lú kùkúmbà tí ó tó 200 gíráàmù, kò ní ju nǹkan bí 105 kálórì lọ, ìyẹn bí ìdajì ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà mi ọjọ́sí.

Òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ báyìí, agogo mẹ́rin ni mo sì máa ń jẹ ẹ́. Òórùn àkàrà ṣì ń ta sánsán bí mo bá ń kọjá ní Pánṣẹ́kẹ́ nírọ̀lẹ́. Méjì péré ni mo máa ń rà, mo sì máa ń gbé e délé kí n tó jẹ ẹ́.