Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fíìmù abẹ́lẹ̀ nípa àgbà òṣèré drag kan

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ fẹ́ gbé àgbà òṣèré drag kan, ìyẹn ẹni tó ń múra bí obìnrin tàbí bí ọkùnrin láti fi ṣeré lórí ìtàgé, jókòó sórí àga kẹ́ ẹ máa bi wọ́n pé báwo ni nǹkan ṣe rí láyé ìgbà yẹn, tẹlifíṣọ̀n ti ṣèyẹn tó. Fíìmù abẹ́lẹ̀, ìyẹn èyí tí ò lówó tí ò sì lọ́gàá, àǹfààní ẹ̀ ni pé kò ní láti ṣàlàyé ara ẹ̀ fẹ́nì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tẹ́ ẹ máa pè wọ́n. Yorùbá ti bá wa yanjú ìdajì wàhálà yẹn torí "wọ́n" ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin, àmọ́ tó bá ti kan "bàbá" àbí "màmá" ẹ má méfò o, ó lè jẹ́ màmá ni wọ́n tí wíìgì bá wà lórí, kí wọ́n wá di bàbá tí wọ́n bá ti bọ́ ọ. Ẹ béèrè àwọn tó wà nínú fọ́tò wọn àtijọ́ náà, ẹlòmíì ò fẹ́ kí ẹbí ẹ̀ mọ̀ dòní, ẹ bo ojú onítọ̀hún.

Ohùn ló ṣáájú. Fóònù ti tó, ẹ pa fáànù, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu wọn, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá, torí ẹni tó ti lo ayé ẹ̀ lórí ìtàgé, tó bá ti rí lẹ́ǹsì báyìí eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìtàn tó ti sọ nígbà ogún ló máa sọ, á tiẹ̀ dúró díẹ̀ níbi tó mọ̀ pé èèyàn máa rẹ́rìn-ín. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn: ta ló rán aṣọ yẹn, bàtà gogoro àkọ́kọ́ dà, kí ló máa ń rùn ní yàrá ìmúra?

Tó bá wá kan àwòrán, ìmúra gan-an ni kẹ́ ẹ yà, látìgbà tí wọ́n bá ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ irun ojú mọ́lẹ̀ kí àtíkè lè bò ó, títí dórí ìtọ́tè. Ó lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ní sùúrù. Gílóòbù kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, kí ìlà ojú wọn hàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa fítà tó ń dán ojú lórí fóònù yẹn. Ẹ ya bí wọ́n ṣe ń nu gbogbo ẹ̀ kúrò náà láì dá kámẹ́rà dúró. Ibẹ̀ ni ọjọ́ iwájú wà: tẹ́ ẹ bá ń to fíìmù yín, ẹ yí i sẹ́yìn, òwú á máa kun ojú wọn, wíìgì á fò padà sórí, kẹ́ ẹ wá gbé ohùn wọn lé e níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹni tó máa jogún àwọn aṣọ yẹn.

Fún ìrántí, ẹ fi pirojẹ́kítọ̀ tan fọ́tò ìgbà èwe wọn sára aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀, nínú òkùnkùn, kí wọ́n máa mí.

Tẹ́ ẹ bá lówó díẹ̀, ẹ ra Super 8 kan, ìyẹn fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ inú páálí tí wọ́n ń kì bọ kámẹ́rà tiẹ̀, irú èyí tó ti wà láti 1965. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà nínú ẹ̀, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré tẹ́ ẹ bá fi àwòrán 18 yà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ijó nìkan ni kẹ́ ẹ fi ya. Orin tí wọ́n ń jó sí ní ẹni tó ni ín o, wọ́n lè yọ fíìmù yín kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí ẹ̀, nítorí náà ẹ fi íapíìsì sí wọn létí, kó jẹ́ àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, káwa máa gbọ́ èémí, gìgísẹ̀ bàtà, aṣọ tó ń họ ara. Lójú tèmi ó dùn ju orin lọ.

Kẹ́ ẹ má tò ó ní ọdún-dé-ọdún, ìrántí ò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó, ẹ̀yin méjèèjì péré. Ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ, ẹ yọ ọ́, àfi tó bá jẹ́ pé wíìgì tó wọ́ díẹ̀ ló ń bí wọn nínú, ìyẹn ẹ bẹ̀ wọ́n.